Iná òróró nínú bọ́ílà ilé: ibi tí wàhálà ti ń wá gan-an

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ máa fi òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan dáná sí bọ́ílà ilé rẹ̀. Nọ́súlù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú iná) tí wọ́n ṣe fún dísù ló lò. Iná ń gbà, àmọ́ kì í pẹ́ kú, dúdú líle sì ń dì mọ́ ẹnu nọ́súlù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́súlù tó tóbi jù ú lọ ni kí òun rà.

Ẹ má rà á. Èyí tó tóbi yóò kàn da òróró púpọ̀ sí i sínú bọ́ílà láìjó ni. Ní 40 °C, òróró ki tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá dísù, nítorí náà ẹ̀kán ńláńlá ló ń jáde dípò kùrukùru. Ní bíi 55 sí 60 °C, dísù ti ń tú oru tó lè gbaná. Òróró ní tirẹ̀ ní láti kọjá 220 °C. Ẹ̀kán ńlá tí kò tètè gbóná yóò fẹ̀gbẹ́ ba irin, yóò sì yan gbẹ síbẹ̀. Òun ni dúdú líle yẹn.

Ọ̀nà méjì ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èkínní ni nọ́súlù tó ń fi afẹ́fẹ́ fa epo: afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ní agbára nǹkan bí 1 bar ló ń fa òróró wọlé, tó sì ń fọ́ ọ túútúú. Ó dára, àmọ́ ihò rẹ̀ kéré, òróró gbọ́dọ̀ kọjá nínú asẹ́ 10 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa tú u fọ̀ ní gbogbo ìgbà. Èkejì ni ti Robert Babington, ará Amẹ́ríkà tó gba pátẹ́ǹtì lórí ọ̀nà yìí ní 1969. Bọ́ọ̀lù irin tó ṣófo nínú ni. Afẹ́fẹ́ ń ti inú rẹ̀ jáde láti ihò kékeré kan, òróró sì ń ṣàn lára rẹ̀ lóde bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tí awọ òróró ti kọjá lójú ihò ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e lọ bíi kùrukùru. Òróró kì í gba inú ihò náà kọjá, nítorí náà ìdọ̀tí kékeré kì í dí i. Fún òróró ìdínjẹ, òun ni mo fara mọ́.

Bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó 40 sí 50 mm ni kí ẹ wá, kí ara rẹ̀ má nípọn ju 1 mm lọ níbi tí ẹ ó ti lu ihò. Ihò náà jẹ́ 0.25 mm. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́: bíìtì (irin tí a fi ń lu ihò) tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í gba ọwọ́, ẹ lo ẹ̀rọ ìlu tó dúró lórí tábìlì, kí ẹ máa fà á sókè léraléra kí ó lè tú irin dà nù. Bí etí ihò bá ní gbáú (irin ṣóńṣó tó ṣẹ́kù níbi tí a lù), kùrukùru yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná yóò sì máa lá ògiri bọ́ílà. Ẹ fi bébà-yanrìn tó kúnná gan-an yọ gbáú náà, kí ẹ tún fi bíìtì náà kọjá nínú ihò. Ihò náà kọjú sí inú bọ́ílà gbọọrọ. Ẹ gbé páìpù òróró sókè orí bọ́ọ̀lù, bíi 10 mm, kí ó máa dà sí àárín gan-an.

Òróró tó ń dà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èyí tó ń jó lọ; ìyókù yóò ṣàn padà sínú agbada kékeré lábẹ́, pọ́ǹpù yóò sì tún gbé e sókè. Bí ó bá kéré, apá kan bọ́ọ̀lù yóò gbẹ, iná yóò máa já. Bí ó bá pọ̀ jù, ihò yóò rì, ẹ ó sì máa gbọ́ títu itọ́. Kí agbada náà má gba ju lítà mẹ́ta lọ. Ìdí ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ìwọ̀nba òróró yẹn nìkan ni yóò wà nítòsí iná.

Ooru ni ìdajì iṣẹ́ náà. Kí òróró tó dé bọ́ọ̀lù, kí ó ti tó 70 sí 90 °C, pẹ̀lú tẹmosítáàtì tó ń já iná mànàmáná fúnra rẹ̀. Irin agbóná, ìyẹn irin mànàmáná tó ń mú òróró gbóná, gbọ́dọ̀ máa rì sínú òróró nígbà gbogbo; èyí tó bá yọ síta yóò gbóná rékọjá, yóò sì dáná. Ẹ má lo páìpù bàbà tàbí ti idẹ níbi tí òróró gbígbóná bá ti ń dúró, torí bàbà ń mú kí òróró tètè dì bí gọ́ọ̀mù. Síńkì náà kò dára. Irin lásán tàbí irin aláìdípẹtà ni kí ẹ lò. Rọ́bà lásán yóò wú, yóò sì rọ̀. Viton, irú rọ́bà kan tó ń fara da òróró gbígbóná, ló ń dúró.

Omi ló máa ń pa iná jù, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí òróró sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan ní ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa fa ti òkè, kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ da ṣíbí kan sínú páànù gbígbóná: bí ó bá ń hó tàbí tí ó ń ta pàrápàrá, omi ṣì wà níbẹ̀. Fún bọ́ọ̀lù, asẹ́ 100 micron tó.

Lítà òróró kan ní nǹkan bí 9.4 kWh. Bọ́ílà tó ń fúnni ní 15 kW, tí ó sì ń lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ooru náà, yóò jẹ lítà méjì ní wákàtí kan, yóò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 24 m³ láàárín wákàtí yẹn, pẹ̀lú àfikún díẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù kò tó nǹkankan nínú èyí, fáànù ló ń gbé e wá. Ẹ tún fi bíríkì iná tàbí pátákó okùn séràmíìkì 25 mm bo inú ibi tí iná ti ń jó. Irin bọ́ílà tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù jù. Ahọ́n iná tó bá kàn án yóò kú sí i lára, yóò sì di dúdú. (Ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń gé e, okùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.)

Epo òyìnbó tàbí dísù díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí ẹ tó yí sí òróró. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ dá òróró dúró, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti fáànù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bí iná bá kú fúnra rẹ̀ tí èéfín funfun sì kún inú bọ́ílà, ẹ má tan iná sí i. Oru tó lè bú gbàmù ni. Ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde ná.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ iná kò ṣeé yọ kúrò: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí iná bá kú, ó gbọ́dọ̀ já pọ́ǹpù. Tẹmosítáàtì tó ń pa gbogbo rẹ̀ bí omi bọ́ílà bá dé 90 °C náà ṣe pàtàkì, pẹ̀lú fáàfù ìtúsílẹ̀ 3 bar tí fáàfù mìíràn kankan kò sí láàárín òun àti bọ́ílà. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń kéde gáàsì CO (gáàsì olóró tí kò ní òórùn, tó ń wá láti ara iná tí kò jó tán) sí yàrá náà. Omi kò gbọ́dọ̀ kan òróró tó ń jó láé.

Tí èéfín bá dúdú, afẹ́fẹ́ fáànù kéré. Tí ó bá funfun, tí ó sì ń ta lójú, òróró tutù tàbí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ibi tó dára ni gáàsì CO₂ bíi 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín, àti èéfín tó ń jáde ní bíi 180 sí 230 °C. Ẹ lo ẹ̀rọ ìwọ̀n, torí ojú lásán máa ń fẹ́ iná tó pupa rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀, iná bẹ́ẹ̀ kì í sì í jó tán.