Kóńgò tí wọ́n lù wọnú, àti àdúrà alaalẹ́

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ tútù ni mò ń tà n'Ìkéré-Èkìtì: ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, ẹ̀wà àti gàrí. Wọ́n ti lu ìdí kóńgò mi wọnú kí n tó rà á, mo sì mọ̀ nígbà tí mo rà á. Alaalẹ́ ni mò ń kúnlẹ̀ sunkún pé kí Olúwa dárí jì mí, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà bá tún pé, kóńgò yẹn náà ni mo máa gbé jáde. Ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ mi ṣá? Àbí kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n gun orí òkè lọ? Báwo sì ni ẹni tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ ṣe lè máa gbàdúrà lójoojúmọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, mà. Ọlọ́run ń gbọ́ yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni pé kóńgò náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí a bá tú ìrònúpìwàdà palẹ̀, nǹkan méjì la máa bá nínú rẹ̀: ìrònú, àti pípa ìwà dà. Ẹkún yín ti ṣe ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìwà tó yẹ kó yí padà kò sí nínú yàrá tí ẹ ń kúnlẹ̀ sí. Ìdí kóńgò ló wà. Ìdí nìyẹn tí ìbànújẹ́ alẹ́ fi ń dópin ní òwúrọ̀ ọjà. Pọ́ọ̀lù ya ìbànújẹ́ sí oríṣi méjì nínú 2 Kọ́ríńtì 7:10: ọ̀kan ń mú ìrònúpìwàdà wá, ìkejì, ìyẹn ti ayé, ikú ló ń bí. Omijé kọ́ ló máa fi ìyàtọ̀ wọn hàn, nítorí àwọn méjèèjì ló ń sunkún. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ ṣe lẹ́yìn tí ojú gbẹ.

Nígbà tí àwọn èèyàn bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, kò rán ẹnikẹ́ni lọ sórí òkè. Iṣẹ́ ọwọ́ kálukú ló fi dá a lóhùn (Lúùkù 3:10-14). Ó ní kí àwọn agbowó òde má gba kọjá iye tí ìjọba là sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun má fipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, kí owó iṣẹ́ wọn tó wọn. Bí olóúnjẹ tútù bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ kóńgò ni ì bá gbọ́.

Nítorí náà, kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, ẹ ra kóńgò tí ìdí rẹ̀ pé. Ẹ fi agolo mílíìkì wọn ìrẹsì sínú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ fi igi tó gún régé gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kí ẹ sì ka iye agolo. Ẹ wọn ti àtijọ́ bákan náà. Ẹ má fi òkìtì wọ̀n ọ́n o, òkìtì yẹn gan-an ló ń tan oníbàárà: ojú rẹ̀ wà lókè níbi tí ìrẹsì ti ń ya sílẹ̀, kò mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ti wọnú nísàlẹ̀. Ká ní kóńgò pípé gba agolo mẹ́wàá, tí tiyín gba mẹ́jọ. Agolo méjì lẹ ń mú nínú kóńgò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń ta ogún kóńgò lọ́jọ́ ọjà kan, ogójì agolo ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ní iye ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nínú ìjẹ́wọ́ nìyí. A ó ní, “Olúwa, dárí ẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ àti àìmọ̀ọ́mọ̀ jì mí,” a ó sì dìde. Ó dára fún gbogbo ìjọ láti jùmọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe: “Olúwa, mo mú agolo méjì nínú kóńgò kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀.” Ẹ má sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni, Èṣù kò bá yín dúnàádúrà kóńgò náà. Òwe 28:13 so nǹkan méjì pọ̀: ẹni tó jẹ́wọ́ “tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀” ni yóò rí àánú. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni kí ẹ wá di ìlérí 1 Jòhánù 1:9 mú ṣinṣin, pé olóòótọ́ àti olódodo ni Ọlọ́run láti dárí jì wá. Ẹ má ṣe tún máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lóròòru lẹ́yìn tí ẹ ti fi í sílẹ̀.

Ó ku ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín. Òfin inú Léfítíkù 6 ní kí ẹni tó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Nínú ìṣirò tiyín, ogójì agolo àti mẹ́jọ, ìyẹn méjìdínláàádọ́ta fún ọjà kan. Sákéù, olórí agbowó òde, fi ìlọ́po mẹ́rin san án nínú Lúùkù 19, ṣùgbọ́n òun ló fẹ́nu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, Jésù kò bu iye fún un. Àwọn oníbàárà tí ẹ mọ̀, ẹni tó ń ra oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìyá tó ń se oúnjẹ tà, ẹ lọ bá wọn, ẹ sọ ọ́, ẹ wọn tiwọn fún wọn. Àwọn tí ẹ kò mọ̀ ńkọ́? Númérì 5:8 ti rò ó ṣáájú: bí kò bá sí ẹni tí a ó san án fún, ti Olúwa ni, kí a fi fún àlùfáà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé e fún àwọn opó àti aláìní ìjọ, láìjẹ́ pé wọ́n kéde orúkọ yín, kó má di pé ẹ ń gba ìyìn lórí gbèsè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní èènì. Bí ẹ bá ń bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì lé e fún oníbàárà, tí ó ń súre fún yín, ẹ̀bùn ló rò pé òun gbà. Gbèsè la ń sọ.

Ṣé dandan ni kí ẹ jẹ́wọ́ níwájú ìjọ? Rárá. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀, kí ẹ sì wá ẹnì kan tí kì í tú àṣírí, tí yóò máa bi yín léèrè. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, fádà tí ẹ jẹ́wọ́ fún kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta láéláé, òun náà yóò sì ní kí ẹ dá nǹkan oníǹkan padà.

Èyí tó ń dẹ́rù bà yín gan-an, bí mo bá mọ̀ ọ́n, ni iye owó. Kóńgò pípé yóò wọ́n ju ti ìsọ̀ kejì lọ. Òótọ́ ni, ó sì lè dín títà yín kù fún ọjà bíi mélòó kan. Ẹ sọ iye rẹ̀ ní gbangba, kí ẹ gbé agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mi ò ní ṣèlérí fún yín pé ọjà yóò túbọ̀ tà. “Òṣùwọ̀n èké irira ni lójú Olúwa,” Òwe 11:1 ló wí bẹ́ẹ̀, kò sọ iye èrè tó wà nínú òtítọ́.

Ní ti ààwẹ̀ àti orí òkè: ẹ lè lọ, òkè kò wọ́n n'Ìkéré. Ṣùgbọ́n ẹ ra kóńgò ná. Nígbà ìsọjí ọdún 1930 tí Joseph Ayo Babalola ṣíwájú rẹ̀, tó kan Ẹfọ̀n-Aláayè níhìn-ín, àwọn èèyàn kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde fún iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Éfésù dáná sun ìwé idán tó tó ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fàdákà (Ìṣe 19:19). Wọn ò fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ lé e lórí.

Àdúrà ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ gùn ju ohun tí ẹ lè ṣe lọ. Ẹni tó bá fi wákàtí méjì bẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí ọ̀sẹ̀ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó: kí ẹ tó jáde, Sáàmù kan, ẹ ka 51 tàbí 32 ní ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà Àdúrà Olúwa, kí ẹ má sáré kà á. Ẹ dúró lórí “Dárí gbèsè wa jì wá.” Gbèsè ni Bíbélì wa pè é, ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà kan kò nílò olùkọ́ fún. Ẹ dúró pẹ̀lú lórí “má sì fà wá sínú ìdẹwò,” kí ẹ dárúkọ wákàtí tó máa ń le: ọ̀sán, tí èrò bá pọ̀, tí ojú kò sí lára ọwọ́. Ní ọjà, àdúrà agbowó òde inú Lúùkù 18:13 kò gbà ju èémí kan lọ: “Ọlọ́run, ṣàánú fún èmi ẹlẹ́ṣẹ̀.” Ní alẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni mo jẹ ní gbèsè lónìí? Bí ẹ bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ san án ní ọjà tó tẹ̀ lé e. Ẹ má dúró de ìsọjí ìparí ọdún.

Ní ti kóńgò àtijọ́, ẹ fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ kí ẹ tó kó o fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Bí ẹ bá fún wọn lódindi, yóò tún padà sọ́jà.