Ṣé parabola yìí àti ìlà tààrà yẹn pàdé?
Ẹ bèèrè bóyá parabola (ìlà tó tẹ̀ bí abọ́) y = x² − 3x + 4 àti ìlà tààrà y = x − 1 pàdé, láìya àwòrán. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, y wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, torí náà ẹ fi wọ́n dọ́gba: x² − 3x + 4 = x − 1. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sápá kan, ó di x² − 4x + 5 = 0. (Ẹ ṣọ́ra o: −1 tó bá sọdá á di +1, ibẹ̀ lèmi náà ti máa ń ṣì í.) Ẹ wá wo b² − 4ac, níbi tí a ti jẹ́ nọ́ńbà iwájú x² (1), b ti jẹ́ ti iwájú x (−4), c sì jẹ́ èyí tó dá dúró (5): 16 − 20 = −4. Ó kéré sí òdo, torí náà kò sí nọ́ńbà gidi kankan tí x lè jẹ́: wọn ò pàdé rárá.

Ká ní y = x ni ìlà yín, òdo gan-an ni b² − 4ac ì bá já sí: ìlà náà á kàn fara kan parabola ní (2, 2). Tí b² − 4ac bá ju òdo lọ, ojú méjì ni wọ́n ti máa gé ara wọn.