Web part àtijọ́ wa kò ṣeé gbé lọ sí SharePoint Online: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni mo wà nílé-iṣẹ́ wa. Ó ti pẹ́ tí a ti ń lo SharePoint 2013 (ètò Microsoft fún sáìtì inú ilé-iṣẹ́) lórí sáfà tiwa, ẹnì kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ sì fi C# kọ web part kan (ètò kékeré tó ń hàn lójú ewé) síbẹ̀. Bí ọ̀gá ẹ̀ka bá ṣí ojú-ewé náà, yóò rí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó tọrọ ìsinmi tí kò tíì dá lóhùn, yóò sì tẹ bọ́tìnnì láti gbà tàbí láti kọ̀. Ní báyìí wọ́n ní ká kó lọ sí SharePoint Online, èyí tó wà lórí sáfà Microsoft. Mo fẹ́ gbé fáìlì .wsp tí wọ́n dì í sí lọ, mi ò tilẹ̀ rí ibi tí màá gbé e sí. Ṣé mo lè tún kóòdù yẹn ṣe díẹ̀ kó bá ibẹ̀ mu, àbí kí n kọ òmíràn? Mo gbọ́ JavaScript díẹ̀, mi ò mọ React (àkójọ kóòdù JavaScript tí a fi ń kọ ojú ewé) rárá.

Ìdáhùn

Òmíràn lẹ máa kọ. Kóòdù C# yẹn kò lè dé SharePoint Online, bó ti wù kí ẹ tún un ṣe tó. Ohun tí ẹ lè mú nínú rẹ̀ ni òfin iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: ta ló ń fọwọ́ sí ti ta, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá bá wà nínú ìsinmi fúnra rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni ìbéèrè lè dúró. Ẹ jókòó ti kóòdù náà kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú kóòdù yẹn nìkan ni òfin wọ̀nyẹn kù sí.

Ìdí tí kò fi gbà ni pé fáìlì .wsp ń gbé DLL (kóòdù C# tí a ti dì) wọnú sáfà, inú w3wp.exe, ètò tí SharePoint fúnra rẹ̀ ń lò lórí sáfà, ni kóòdù yín sì ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ mẹ́mórì tán, gbogbo ẹni tó wà lórí sáfà yẹn ló máa jìyà rẹ̀. Nígbà tí ẹ ni sáfà, ẹ̀yin lẹ ni wàhálà yín. Ti SharePoint Online, Microsoft ló ni ín, àìmọye ilé-iṣẹ́ ló sì jọ ń lò ó. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé DLL wọlé.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà yìí, ẹ ó sì máa bá àpẹẹrẹ àwọn ọ̀nà àtijọ́ náà pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. SharePoint 2010 mú sandboxed solution wá, kóòdù tí wọ́n há mọ́ ibi kan kó má ba sáfà jẹ́. Ní 2016 wọ́n yọ irú rẹ̀ tó ní kóòdù kúrò ní SharePoint Online. SharePoint 2013 mú app model dé, níbi tí kóòdù ti ń ṣiṣẹ́ níta sáfà SharePoint, èyí tí wọ́n wá yí orúkọ rẹ̀ sí add-in. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2026 ni Microsoft dá fún òpin òun náà lórí Online. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ tó ní kí ẹ dá add-in sílẹ̀, ẹ fò ó kọjá, bó ti wù kó dùn ún kà tó. Ọ̀nà tó kù fún yín ni SharePoint Framework, tí gbogbo wa ń pè ní SPFx, tó jáde fún gbogbogbòò ní oṣù kejì ọdún 2017.

Ṣùgbọ́n ṣé web part tilẹ̀ lẹ nílò? Bó bá jẹ́ pé inú lísìtì (tábìlì inú SharePoint) kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè wà, view (ọ̀nà tí a yàn láti fi wo lísìtì) tó sọ pé kọ́lọ́ọ̀mù Ọ̀gá gbọ́dọ̀ jẹ́ [Me], ìyẹn ẹni tó ń wò ó, yóò fi ti olúkúlùkù hàn án. JSON tí a fi ń ṣe kọ́lọ́ọ̀mù lọ́ṣọ̀ọ́ lè gbé bọ́tìnnì síbẹ̀, Power Automate (irinṣẹ́ Microsoft tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀) sì lè fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá kó fọwọ́ sí i láti inú ímeèlì. Kò sí kóòdù tí ẹ máa tọ́jú fún ọdún márùn-ún níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ web part ni mo ń sọ èyí o. Ẹ kọ ọ́ kìkì bí ìbéèrè bá wà nínú lísìtì tó tú ká sí sáìtì oríṣiríṣi, tàbí tí òfin yín bá díjú ju ohun tí view lè ṣà jáde lọ. Bí mo ti gbọ́ tiyín yìí, ó jọ pé ẹ máa nílò rẹ̀.

Níbi ìbẹ̀rẹ̀, Node.js, tí irinṣẹ́ SPFx ń lò láti ṣiṣẹ́, ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹ̀dà SPFx kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà Node tó bá a mu, bí ẹ bá sì fi èyí tó tuntun jù sórí ẹ̀rọ yín, àṣìṣe tí ẹ máa rí kò ní sọ pé Node ló fà á. Ẹ wo tábìlì ìbámu tí Microsoft gbé jáde, kí ẹ fi nvm sórí ẹ̀rọ kí ẹ lè máa yí ẹ̀dà padà. Lẹ́yìn náà ẹ pe `yo @microsoft/sharepoint`, yóò bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, yóò sì to fóódà sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù lọ ń lo `gulp serve` àti àwọn ìbátan rẹ̀, àṣẹ tí a fi ń kọ́ web part tí a sì fi ń dán an wò. Heft ti gba ipò gulp nínú ẹ̀dà tuntun, nítorí náà ẹ wo ohun tó wà nínú package.json tiyín kí ẹ tó ṣe àdàkọ àṣẹ ẹlòmíràn.

Ní ti React, kò pọn dandan, àmọ́ ẹ mú un. Fluent UI (bọ́tìnnì àti fọ́ọ̀mù ti Microsoft) àti àwọn irinṣẹ́ PnP (ti àwùjọ olùlo SharePoint) tí ẹ máa fẹ́ yá lò, React ni wọ́n fi kọ wọ́n. useState àti useEffect inú rẹ̀ ti tó yín fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má sì gbé React ga ju ẹ̀dà tí `yo` fún yín lọ, bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ sọ pé tuntun dára jù.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa nìyí. Kóòdù àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà. Tuntun yìí ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà ẹni tó ṣí ojú-ewé, pẹ̀lú àṣẹ ẹni náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá SPSecurity.RunWithElevatedPrivileges nínú kóòdù C# yẹn. Mo fẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà níbẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí web part ka gbogbo ìbéèrè láìka àṣẹ ẹni tó ń wò ó sí, kó tó wá ṣa ti ọ̀gá kọ̀ọ̀kan fún un. SPFx kò ní irú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀ ni pé wọ́n á fún gbogbo òṣìṣẹ́ láṣẹ láti ka lísìtì náà tán, kóòdù á wá fi ti àwọn yòókù pa mọ́ lójú ewé. Ó dà bí ẹni tó fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, tó wá fi aṣọ bo àpótí owó. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò fúnra yín: ẹ fi orúkọ òṣìṣẹ́ kékeré kan wọlé, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network, ẹ tún ojú-ewé náà ṣí. Ẹ ó rí ìpè kan tó ní `_api` nínú, ìyẹn ibi tí web part ti ń béèrè dátà lọ́wọ́ SharePoint. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo Response. Bí ìdí tí ẹnìkan fi ń tọrọ ìsinmi àìsàn bá wà nínú lísìtì, ó wà níwájú yín níbẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan kò yẹ̀, bí web part kò tilẹ̀ fi í hàn.

Nítorí náà, inú SharePoint fúnra rẹ̀ ni ẹ ti máa ya àṣẹ sọ́tọ̀. Bí ẹ̀ka yín kò bá pọ̀, ẹ ṣe lísìtì kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nínú Advanced settings rẹ̀, ẹ yàn án pé kí òṣìṣẹ́ máa ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ nìkan. Ọ̀gá ẹ̀ka yóò nílò ipele Design lórí lísìtì ti ẹ̀ka tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣẹ tó ń borí ìdíwọ́ yẹn wà. Ipele Edit kò ní in. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó rí ti gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ láìrí ti ẹ̀ka ẹlòmíràn.

Ihò kan ṣì wà. Ẹni tó kọ ìbéèrè rẹ̀ láṣẹ láti tún un kọ. Bí kọ́lọ́ọ̀mù Ipò bá wà lórí ìlà kan náà, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “Ti gbà” síbẹ̀. Ẹ lè yọ kọ́lọ́ọ̀mù náà kúrò lójú fọ́ọ̀mù, àmọ́ ẹni tó mọ `_api` kò nílò fọ́ọ̀mù. Ẹ fi ìpinnu sínú lísìtì mìíràn tí ọ̀gá nìkan lè kọ sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìbéèrè, èsì àti ọjọ́ tí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí tí ọ̀gá fọwọ́ sí síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá wá yí ọjọ́ padà lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ á hàn. Web part yóò ka méjèèjì pọ̀: ìbéèrè tí kò bá ní ìpinnu ni yóò fi hàn.

Bí ẹ̀ka bá pọ̀ débi pé èyí kò ṣeé ṣe, ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sínú Azure Function, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà Microsoft, tó ní àṣẹ tirẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ yẹ ẹni tó ń pè é wò kó tó dáhùn. Ẹ má kọ páásíwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ kankan sínú kóòdù SPFx rárá, torí gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ wá sínú bíráúsà.

Tó bá kan dátà kíkà, SPHttpClient tó wà nínú SPFx ni kí ẹ lò. Ó ń bá yín bójú tó request digest (àmì ààbò) tó máa ń da ẹni tó ń kọ nǹkan sí lísìtì láàmú. Ìpè yín lè rí báyìí:

`/_api/web/lists/getbytitle('Isinmi')/items?$select=Id,Title,OjoIbere,Author/Title&$expand=Author&$filter=OjoIbere ge '2026-01-01T00:00:00Z'&$top=200`

$select kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Láìsí i, gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù ló ń bọ̀. Ẹ sì fi index (atọ́ka tó ń mú kí wíwá yá) sórí OjoIbere láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìlà bá ti ju 5,000 lọ, SharePoint kì í gba ìpè tó ń ṣa nǹkan lórí kọ́lọ́ọ̀mù tí kò ní index, web part tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún méjì a sì dákẹ́ lójijì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀.

Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn náà. Bí ẹ bá dá kọ́lọ́ọ̀mù sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ “Ọjọ́ Ìbẹ̀rẹ̀”, orúkọ inú rẹ̀ (èyí tí kóòdù ń lò) yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `_x1ecc_`, àlàfo lè di `_x0020_`, wọn yóò sì gé e níbi tó bá ti gùn jù. Ẹ dá a sílẹ̀ bí OjoIbere, kí ẹ wá padà lọ fi àmì sí orúkọ tí àwọn èèyàn ń rí. Ti inú kò ní yí padà mọ́.

Fún bọ́tìnnì, bí ẹ bá ń tún ìlà tó wà nílẹ̀ kọ, ẹ fi etag (àmì ẹ̀dà ìlà náà) tí ẹ gbà nígbà tí ẹ kà á sínú If-Match, ẹ má fi ìràwọ̀ (*) síbẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti yí ìpinnu kan padà lórí fóònù, tí igbákejì rẹ̀ sì fẹ́ yí i padà lórí kọ̀ǹpútà tó ti ṣí láti àárọ̀, 412 (ìlà náà ti yí padà) ni ẹnì kejì yóò gbà dípò kó kọ tirẹ̀ lé ti ẹnì kíní lórí. Bí 429 bá wá, ẹ̀ ń pe SharePoint lemọ́lemọ́ jù ni. Ẹ ka Retry-After tó bá èsì náà wá, kí ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀.

Fífi sórí ẹ̀rọ kò le. Fáìlì .sppkg ló máa jáde, alábòójútó yóò gbé e sínú App Catalog, ibi tí a ń kó ètò ilé-iṣẹ́ sí. Kó má kàn tẹ Approve bí package yín bá ń béèrè àṣẹ sí Microsoft Graph (ọ̀nà sí ímeèlì, kàlẹ́ńdà àti dátà mìíràn): àṣẹ tí ẹ bá gbà fún web part kan, gbogbo SPFx tó wà nílé-iṣẹ́ yín ló lè lò ó. Ẹ béèrè èyí tó kéré jù lọ. GUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ web part) tó wà nínú manifest náà, ẹ má yí i padà lẹ́yìn tí web part bá ti wà lójú ewé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ojú-ewé yẹn kò ní dá a mọ̀ mọ́. Bí web part bá sì ba ojú-ewé jẹ́ débi pé kò ṣeé ṣí, ẹ fi `?maintenancemode=true` sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ ó lè yọ ọ́ kúrò láti ibẹ̀.

Orí sáìtì gidi ni workbench tí ẹ máa fi dán an wò ń ṣiṣẹ́, ní `/_layouts/15/workbench.aspx`, dátà gidi ló sì ń kà. Ẹ ya sáìtì kan sọ́tọ̀ fún un. Orúkọ mẹ́ta ni kí ẹ fi dán an wò: ọ̀gá ẹ̀ka, òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn. Ẹnì kẹta yìí yóò gba 403 (kò láṣẹ) tàbí 404 (kò rí i) lórí lísìtì tí kò láṣẹ sí. Ẹ jẹ́ kí web part gbé ìyẹn mì kó máa bá lísìtì tó kù lọ. Ẹ má fi orúkọ alábòójútó dán an wò rárá, torí gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ fún un.