Táyà tí fọ́kanáísà Ọ̀yìngbò lè lẹ̀ ni kí o rà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ra tòkunbọ̀ kan, kẹ̀kẹ́ eré-ìje tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka, pé láti Ṣómólú ni wàá ti máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, o sì ń béèrè bóyá kí o fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ ra gíà tuntun. Rárá o. Ọ̀nà yẹn gan-an ni mo ń gbà láti ọdún 2019: Ṣómólú, Yaba, Herbert Macaulay, Ọ̀yìngbò, Ìdó, kí n tó gun afárá Carter bọ́ sí Erékùṣù. Ọ̀nà náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, afárá nìkan ni òkè tó wà níbẹ̀. Gíà mẹ́ta péré ni mo ń lò nínú mọ́kànlélógún tó wà lára tèmi.

Táyà ni kí o náwó lé. Irú kẹ̀kẹ́ tìrẹ yìí ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń sáré, inú mi sì ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn ní Ọ̀yìngbò, aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Mo tì í lọ bá fọ́kanáísà. Bàbá náà wo ẹnu tíúbù, ó fi ìka yí i, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, kí lèyí?" Ẹnu tíúbù kẹ̀kẹ́ eré-ìje tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré kan lórí tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Presta ni wọ́n ń pè é. Ti mọ́tò àti ti ọ̀kadà ló sanra, òun sì ni ẹ̀rọ àwọn fọ́kanáísà wa mọ̀. Bàbá lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí i fẹ́. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ gun afárá Carter nìyẹn, tí mo ń ti kẹ̀kẹ́. Kọ̀ńdọ́ dánfó kan yọrí síta, ó pariwo, "Bọ̀dá, ta ló ń gun ta?"

Idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu Presta, tí á fi dà bíi ti mọ́tò. Ra méjì, kí o so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ. Ìyẹn ò ní kí wàhálà tán. Táyà tín-ín-rín bíi tìrẹ, èyí tí wọ́n kọ 700 × 23 sí lára, ń fẹ́ tó 100 psi (òun ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó), 30 àti 35 ti mọ́tò ló sì mọ́ fọ́kanáísà lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, tí o já sí kòtò pẹ́nrẹ́n, ríìmù á gé tíúbù ní ojú méjì. Nígbà tí mo wá ní kí ọ̀kan ní Yaba fẹ́ tèmi kó le, kò wo gẹ́ẹ̀jì, ó fi ẹ̀rọ ńlá rọ afẹ́fẹ́ sí i. Ó bẹ́ bí ìbọn! Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ju ṣíbí sílẹ̀, ó sá. Àkàrà tí mi ò fẹ́ jẹ ni mo rà láti fi bẹ̀ ẹ́.

Mo ta kẹ̀kẹ́ yẹn, mo ra tòkunbọ̀ tó ń lo táyà tó sanra, 26 × 1.75, èyí tí kò ní sípíríǹgì níwájú, nítorí sípíríǹgì tòkunbọ̀ ti máa ń kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. 50 psi tó o. Ẹnu tíúbù rẹ̀ sanra bíi ti ọ̀kadà, kò sì sẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tí kò ní in. Mo gé tíúbù ọ̀kadà tó ti gbó, mo tẹ́ ẹ sáàárín táyà àti tíúbù, yíká. Ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n wàyá wẹ́wẹ́ tó ń jáde lára táyà tírélà tó bẹ́ sójú títì kì í sábà rí tíúbù gún mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má tan ọ́ pé táyà 26 á wọ ríìmù 700 tìrẹ. Wo nọ́ńbà tó sọ bí ríìmù ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 559 ni ti 26, 622 ni ti 700. Wọn kò lè wọ ara wọn láéláé.

Bíréèkì ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún kejì, òjò ń rọ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá sí ọ̀nà Ìdúmọ̀tà, alábàárù kan bọ́ síwájú mi pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Mo fún bíréèkì méjèèjì, irin ló ń ha irin. Rọ́bà ti jẹ tán, mi ò sì mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi dúró, bàtà iṣẹ́ mi sì ya. Iyanrìn tí òjò ń gbé wá ló ń jẹ rọ́bà náà, ó sì ń jẹ ríìmù pẹ̀lú. Mo ń pààrọ̀ rọ́bà báyìí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo sì ń fi àkísà nu ríìmù tí mo bá délé.

Fún ṣéènì, wọn á ní kí o da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fà lára mọ́tò sí i. Má dà á. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá lásìkò ọyẹ́, á wá máa lọ eyín gíà bí ata. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń lò, ẹ̀kán kan lórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà mo ń nù ún. Fi rúlà wọn ṣéènì: ìsopọ̀ mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 géérégé. Tó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì, pààrọ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá ra gíà ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ìgbà yẹn nìkan ni mo fara mọ́ kí o ra gíà.

Ìjókòó tó ń tú láìlo sípánà, fi nọ́ọ̀tì rọ́pò ohun tó dì í mú. Wọ́n ti jí méjì lọ́wọ́ mi.

Ní ti ẹnu ayé tí o bẹ̀rù, wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Tí mo bá ní kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá, Márúwá ni wọ́n ń gbọ́, mo wá ń pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere bíi bàbá mi. Akọ̀wé kan níbi iṣẹ́ wa máa ń bi mí bóyá owó ọkọ̀ ló tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀rín rẹ̀ dínkù díẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó 200 náírà sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni akọ̀wé wá béèrè ibi tí mo ti ra tèmi.

Kí o tó ta kẹ̀kẹ́ tìrẹ bí mo ṣe ta tèmi, wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti apá bíréèkì. Bí ìka rẹ tó kéré jù bá wọ̀ ọ́, táyà 700 × 28 tó sanra díẹ̀ ju 23 lọ lè gbà, o lè máa lò ó ná. Bí kò bá wọ̀ ọ́, tà á fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré ìdárayá láàárọ̀ Sunday, wọ́n á fún ọ ní owó tó dára.