A fẹ́ kó ẹgbẹ́ lọ wo ẹyẹ ní Èkìtì: ibo ni ká lọ, báwo la ṣe máa ṣe é?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìparí ọdún la máa ń ṣe àpéjọ wa, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àwọn kan dábàá pé dípò ká jókòó máa jẹun nìkan, ká rìn lọ sínú igbó ní oṣù Kejìlá lọ wo ẹyẹ. A ó tó 25. Àwọn ọmọdé máa wà níbẹ̀, àwọn bàbá àti màmá tó ti fẹ̀yìn tì náà máa wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú wa. Ibo ni ká lọ, aago mélòó ni ká sì jáde? Ṣé dandan ni kí oníkálukú ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn? Màmá wa kan tún ní òun ò ní tẹ̀ lé wa lọ síbi tí òwìwí àti kòwéè wà. Kí la máa sọ fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè o, akọ̀wé wa, ẹ bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an nìyí, kí n máa mú àwọn èèyàn káàkiri igbó àti bèbè odò lọ wo ẹyẹ, nítorí náà inú mi dùn láti dáhùn yín.

Kí n tó dárúkọ ibì kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti iye yín. Èèyàn 25 tó tò tẹ̀ léra lójú ọ̀nà igbó kan ṣoṣo ò ní rí ẹyẹ. Àwọn márùn-ún tó wà níwájú á rí ìrù rẹ̀ bó ṣe ń fò lọ, àwọn tó kù á máa wo ìpàkọ́ ara wọn. Ẹ pín ara yín sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan má ju mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Kí ẹni tó mọ ẹyẹ ṣáájú, kí àgbàlagbà kan tó ní sùúrù sì kó ẹ̀yìn, kí ọmọ kankan má bàa ṣẹ́ kù. Ẹ má ṣe kó àwọn ọmọdé jọ sí ẹgbẹ́ kan, ẹ fọ́n wọn ká sáàárín àwọn àgbà. Bí ọ̀nà bá pín, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Bí kò bá pín, ẹ fi ìṣẹ́jú 20 sáàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì. Kí èrò pọ̀ jù lójú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ba ìrìn ẹyẹ jẹ́ jù lọ nílẹ̀ wa. Àwọn èèyàn á ní àwọn lọ, àwọn ò rí nǹkan kan, ẹyẹ ti tán nígbó. Ẹyẹ wà níbẹ̀. Ó gbọ́ yín kí ẹ tó dé ni.

Èkejì ni pé kì í ṣe ìrìn ìdárayá. Kìlómítà kan sí méjì ti tó fún wákàtí méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá ti dé ibi tí igbó ti pàdé oko, tàbí ibi tí odò ti gé ọ̀nà, ẹ dúró. Ẹ má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, nítorí àwọn ẹyẹ ti dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Tó bá yá, ọ̀kan á ké lókè, òmíràn á dá a lóhùn lábẹ́ igbó, ẹ ó sì wá mọ ibi tí ẹ máa kọjú sí. Etí ló ń ṣáájú ojú nínú iṣẹ́ yìí. Nínú igbó wa tó dí báyìí, ẹyẹ tí ẹ máa gbọ́ máa pọ̀ ju èyí tí ẹ máa rí lọ, a ó sì ka èyí tí a gbọ́ mọ́ tí a bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Àwọn bàbá àti màmá tó ń bá yín lọ yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè: wọ́n mọ ohùn ẹlúlùú láti kékeré, èyí tó máa ń ké hú-hú-hú-hú lábẹ́ igbó ṣúúrú, tí ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bọ̀ bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu kèrègbè. Àwọn àgbà ló ń sọ pé òjò tí ẹlúlùú bá pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Wọ́n mọ àkókó tó ń sọ igi kó-kó-kó. Wọ́n mọ àtíòro, ẹlẹ́nu gbọ̀ngbọ̀n, tó máa ń fò kọjá lókè igi ní méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, tó ń súfèé tẹẹrẹ. Olongo, ológoṣẹ́, àparò, ẹ̀gà, àdàbà, lékèélékèé, gbogbo wọn ní orúkọ lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà máa dárúkọ wọn fáwọn ọmọ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ráyè rí àlùkò, ẹ dúró títí yóò fi na ìyẹ́ rẹ̀ fò. Ẹ ó rí i pé inú ìyẹ́ náà pọ́n dòò. Osùn tí a ń pè nínú àdúrà pé àlùkò ló ni ín kì í ṣe àsọdùn: àwọ̀ pupa yẹn ní bàbà nínú, ìdílé àlùkò nìkan la sì ti rí irú rẹ̀ láàárín gbogbo ẹyẹ ayé.

Ó yá, ibi tí ẹ máa lọ. Ìkògòsì, níbi omi gbígbóná yẹn, ni màá yàn fún yín. Ẹ ó gba Adó àti Àrámọkọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, igi ńláńlá ló bo omi náà, òkè ló sì yí i ká. Àwọn tí eékún wọn kò gbé òkè mọ́ lè jókòó sítòsí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹyẹ á sì máa wá bá wọn níbẹ̀, nítorí omi tó wà lábẹ́ igi ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ṣaláì ní àlejò. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Bí àpò yín bá gbé e, ẹ lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú, nítorí kí ọkọ̀ tó dé láti Ìkẹ́rẹ́, àsìkò tó dára jù ti lè kọjá.

Ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ lọ sí Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ariwo omi tó ń já bọ́ látòkè yẹn á bo ohùn ẹyẹ mọ́lẹ̀, àpáta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ fi í sí ọjọ́ ìgbafẹ́ mìíràn. Igbó ọba tó wà ní Ìṣẹ̀-Èkìtì ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n, ó ṣe iyebíye, ó wà lára ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí àwọn tó ń ṣọ́ igbó sì mú un wọlé. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí à ń kó ọmọdé lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹyẹ omi, ẹ lọ sí etí dáàmù Ureje ní Adó, kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun lórí omi níbẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọn: á dúró sójú kan lófuurufú, á máa fi ìyẹ́ lu afẹ́fẹ́, á dorí kodò, á sì já wìì sínú omi. Ọmọ tó bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní rọ̀ ọ́ kó tó dákẹ́ mọ́. Ti òkè Olósùnta tó wà lẹ́yìnkùlé yín ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn àgbà ìlú ló ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ bèèrè ní ààfin kí ẹ tó gun òkè náà. Kódà láti ìsàlẹ̀ lẹ ti lè máa wo àwòdì tó ń rá bàbà lórí àpáta.

Oṣù Kejìlá tí ẹ mú dára. Ojú ọ̀nà á ti gbẹ, àwọn igi kan á ti wọ́wé, èyí tó máa jẹ́ kí ojú ríran wọ àárín ẹ̀ka. Àlejò pọ̀ nílẹ̀ lásìkò yẹn. Púpọ̀ nínú alápáàǹdẹ̀dẹ̀ tí ẹ máa rí lórí wáyà iná, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n á sì padà ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin. Àwọn àwòdì náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti apá àríwá bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé. Bí ẹ bá rí ibi tí àgbẹ̀ ti ń sun igbẹ́, ẹ dúró lókèèrè, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń yí po èéfín, tí wọ́n ń gbá tata tó ń sá fún iná mú.

Oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lásìkò yẹn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ máa padà bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Bí ó bá ti di aago mẹ́wàá, ooru á mú, púpọ̀ nínú ẹyẹ á sì panu mọ́. Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kí ẹ tó jáde, ẹ̀kọ àti àkàrà ti tó, kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀ dání. Ẹ fi iyán sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé.

Awò kì í ṣe dandan fún oníkálukú. Bí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ bá ní méjì tàbí mẹ́ta, ó ti tó. Bí ẹ bá máa rà, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kí ẹ wá. 8 yẹn ni iye ìgbà tó ń mú ohun tí à ń wò súnmọ́ni, 42 sì ni bí ojú awò tó wà níwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, òun ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa lábẹ́ igbó. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà tan yín pé èyí tó ń fà á súnmọ́ ní ìlọ́po 20 ló dára jù. Ọwọ́ èèyàn ń gbọ̀n, àwòrán inú rẹ̀ á sì máa gbọ̀n pẹ̀lú. Ẹ kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ọjọ́ náà tó pé, nínú ọgbà ilé ìwé yín. Kí èèyàn fi ojú lásán rí ẹyẹ náà ná, kó má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ rárá, kó wá gbé awò bọ ojú. Ẹni tó bá wolẹ̀ láti wá awò, kó tó gbójú sókè, ó ti sọ igi nù. Fún àwọn ọmọdé, ẹ tẹ apá méjèèjì awò náà súnmọ́ra títí wọ́n á fi rí róbótó kan ṣoṣo dípò méjì. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sójú oòrùn, ó lè ba ojú jẹ́ pátápátá.

Ẹ má máa fi ọwọ́ na ẹyẹ kí ẹ máa pariwo pé “ó wà níbẹ̀ yẹn!” Igi mélòó ló wà níbẹ̀ yẹn? Ẹ mú orí igi náà gẹ́gẹ́ bí ojú aago: ṣóńṣó òkè ni aago méjìlá, ọwọ́ ọ̀tún ni aago mẹ́ta. “Igi àràbà, aago méjì, lórí ẹ̀ka gbígbẹ.” Gbogbo ẹgbẹ́ á rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má wọ aṣọ funfun, ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́ tó ń tàn yòò. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló dára. Kí apá aṣọ gùn, kí wọ́n wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Èyí wúlò fún ejò, ó tún wúlò fún ìjàlọ. Bí ẹ bá rí ìjàlọ tó tò kọjá lójú ọ̀nà, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì lọ. Àwọn kòkòrò á máa sá jáde níwájú wọn, àwọn ẹyẹ igbó kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìjàlọ ni wọ́n ń tọ̀ láti ṣa kòkòrò náà jẹ. Ẹyẹ tó máa ń fara pamọ́ látàárọ̀ lè bọ́ síta níwájú yín níbẹ̀.

Ẹ bá mi rọ màmá wa. Òwìwí, alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ní aago méje àárọ̀, ó ti wọ ihò igi lọ sùn. Eku àti èkúté tó ń jẹ àgbàdo àgbẹ̀ lòun ń jẹ, oko tí òwìwí bá sì ń ṣọ́ kì í ṣòfò púpọ̀. Ti kòwéè, mi ò ní bá àgbà jiyàn lórí ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹyẹ tó bá ń ké, ẹnì kejì rẹ̀ ló ń pè tàbí ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bí ọkàn màmá kò bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lẹ́bàá omi pẹ̀lú àwọn tó jókòó, kí wọ́n má ti tìtorí ẹ̀ pàdánù ọjọ́ náà.

Ẹ má fọwọ́ kan ìtẹ́, ẹ má sì pé lé e lórí. Bí ẹyẹ bá sá kúrò lórí ẹyin fún ìgbà pípẹ́, ejò tàbí ọ̀bọ á gbé e. Àwọn kan máa ń fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde kó lè wá sítòsí. Mi ò gbà á láyè fún ẹgbẹ́ tó pọ̀ tó yín, ó ń dà wọ́n láàmú, ó ń mú kí wọ́n pa oúnjẹ tì láti wá bá ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀ jà.

Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ, iye, ibi àti aago sílẹ̀. Ó wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tó ń ṣe Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ yíya ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sórí máàpù, ti pín orílẹ̀-èdè yìí sí onígun mẹ́rin kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 níbùú àti lóròó. Ẹni tó bá lo ó kéré tán wákàtí 2 nínú ọ̀kan lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù. eBird, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí gúnnugún, ẹ kọ ọ́ kínníkínní. Láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ àtirun jù lọ lágbàáyé, májèlé àti àwọn tó ń tà á ní ọjà oògùn ló sì fà á, àwa tó ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún.

Ó ku ẹni tó máa mú yín lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, kí wọ́n fún yín ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó mọ ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọdẹ kan ní Ìkògòsì kún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ inú ìwé, ọdẹ mọ igi tí àtíòro ń sùn sí, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹyẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún un pé kó fi ìbọn sílé. Ẹ bá wọn ná owó wọn tán kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì pe ọdẹ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: bí ó bá ní ọyẹ́ ti bo òkè tí kò jẹ́ kí ojú ríran, ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.