Ṣé Àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun Ni Kí Òṣìṣẹ́ Máa Tọ́jú Owó De Ọjọ́ Ogbó?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àléékúmù, Àáfà. Ẹni ọdún 51 ni mí, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe níbí ní Ìlọrin, ó ku ọdún mẹ́sàn-án kí n fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣàn lára owó oṣù mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ohun tí àwọn tó lọ ṣáájú mi ń gbà, àyà mi já. Mo wá fẹ́ máa ya nǹkan kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Àbúrò ọkọ mi ní àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun ni, pé ọmọ mẹ́rin tí mo bí tó mi í gbójú lé. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n kó o sí fíkísì ní báǹkì. Ẹlòmíràn ní kí n ra màlúù fún Fúlàní kó máa bá mi sìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀sìn sọ? Ṣé n ó máa yọ sàká lórí rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wa àléékúmù sàlámù wáráhìmọ̀túláhì wábárákátúhù, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ fẹ̀yìn tì ní àlàáfíà, kí ọwọ́ yín má sì wálẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín, torí òun ló ń dà yín láàmù jù. Ẹni tó bá rò pé ìtọ́jú owó ta ko ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun, kó ṣí Súrà Yúsúfù. Ní áyà 47, Ànábì Yúsúfù ní kí wọ́n fi ọdún méje dáko léraléra, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí wọn ó jẹ, torí ọdún méje tó le koko ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí “nínú ṣírí rẹ̀” yẹn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ọkà bàbà lágbègbè wa mọ ìdí rẹ̀: ọkà tí a bá ti pa, kòkòrò kì í pẹ́ wọ̀ ọ́, èyí tó wà ní ṣírí ló máa ń pẹ́ nínú àká. Ọlọ́hun kò wulẹ̀ fi hàn wá pé kí a tọ́jú, Ó fi bí a ṣe ń tọ́jú tí kò fi ní bàjẹ́ hàn wá pẹ̀lú.

Nínú súrà yìí kan náà, áyà 67, Ànábì Yàkúbù sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ìlú, kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi sọ pé ti Ọlọ́hun nìkan ni ìdájọ́, Òun ni òun gbẹ́kẹ̀ lé. Ètò àti ìgbẹ́kẹ̀lé, ẹnu kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà.

Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) alára máa ń ya oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀ fún ilé rẹ̀. Úmárù ló gbà á wá, ó wà nínú Bukhari. Nígbà tí Sáàdù ọmọ Abu Waqqas sì wà lórí àìsàn, tó fẹ́ fi dúkìá rẹ̀ tọrẹ, Ànábì kò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó ní kó fi àwọn àjogún rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọrọ̀ sàn ju kó fi wọ́n sílẹ̀ ní tálákà tí wọn ó máa nawọ́ sí ènìyàn. Àbúrò ọkọ yín lè mú hàdíìsì ẹyẹ wá, èyí tó ní bí a bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun bó ṣe tọ́, Yóò pèsè fún wa bí Ó ṣe ń pèsè fún ẹyẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ kó ka hàdíìsì náà dé ìparí: ẹyẹ náà fi ebi jáde láàárọ̀ ni kó tó fi yó padà ní ìrọ̀lẹ́. Kò jókòó sínú ìtẹ́.

Ní ti àwọn ọmọ, mo mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀sìn náà: ọ̀ranyàn ni fún ọmọ tó ní láti bọ́ òbí tí kò ní. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ni mo wí. Bí ọmọ yín bá ń san owó ilé fún onílé, tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ mu lọ́mú rẹ̀? Ẹ gbàdúrà kí wọ́n lè ṣe é, kí ẹ sì ṣètò bí ẹni tí kò retí rẹ̀. Owó tí ẹ fi òógùn ojú yín wá sì jẹ́ tiyín. Ẹ̀sìn kò gbé ìnáwó ilé lé obìnrin lórí, ọkọ ló gbé e lé, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀sìn dí yín lọ́wọ́ láti tọ́jú rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí owó náà yóò wà. Náírà tí a dì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkà tí a ti pa ni. Ní oṣù karùn-ún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 lọ́wọ́ ìjọba. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tó tọ́jú owó rẹ̀ sínú páálí láàárín àkókò yẹn, òǹkà náírà rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ẹ wo iye àpò ìrẹsì tó lè rà nínú rẹ̀. Úmárù ti sọ ọ́ tipẹ́, Ímáàmù Màlíkì sì gbà á wá, pé kí a fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán. Owó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́.

Ẹ ti ibi tó sún mọ́ yín bẹ̀rẹ̀. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ó kéré tán náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Wọn kì í gbé owó náà síbì kan lásán. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń yá ìjọba ní èlé. Ṣùgbọ́n láti 2021 ni àpò kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Fund VI, tí wọn kì í fi owó inú rẹ̀ ṣe ohun tó ní èlé. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn yín pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé tiyín lọ. Mo ti bi àwọn òṣìṣẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí wa léèrè, àwọn tó ti ṣe é kò pọ̀ rárá, ó sì ń dùn mí. Ẹ tún lè fi owó tí ẹ fẹ́ẹ́ yà sọ́tọ̀ kún owó pẹ́ńṣàn yín, òfin gbà yín láàyè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ̀yìn tì, wọ́n á bi yín bóyá kí wọ́n máa san án fún yín díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò yín, tàbí kí wọ́n fi ra owó oṣù ayérayé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ mú ti àkọ́kọ́. Èkejì, èlé àti àìdánilójú pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ti kọjá kí ẹ tó mọ̀, Ọlọ́hun sọ ní Súrà Bákárà, áyà 275, pé ẹni tó bá gbọ́ ìkìlọ̀ tó sì jáwọ́, tirẹ̀ ni ohun tó ti kọjá.

Fíkísì ńkọ́? Ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó wá: “Bó bá ṣòfò ńkọ́?” Bó bá dáhùn pé kò sí òfò fún yín, pé ẹ ó gba ojú owó yín, ẹ ó sì gba iye kan pàtó lé e, owó lẹ yá a, èlé ló fẹ́ san. Èèwọ̀ ni, bí wọn ì báà fi orúkọ mìíràn pè é. Bó bá ní èrè tó bá wọlé ni a ó pín, ìdá báyìí tiyín, ìdá báyìí tèmi, bí òwò bá sì ṣòfò láìjẹ́ pé mo ṣe àìbìkítà, owó yín ló lọ, làálàá mi ló lọ, òwò nìyẹn. Báǹkì tí kì í gba èlé ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti 2012, bí ẹ ṣe lè fowó síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì tijú, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ìwé náà fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹnì kan lè ní ṣebí sukuk ìjọba, ìwé owó tí ìjọba ń tà fún ará ìlú láìsí èlé, náà ń san iye pàtó. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ owó ìlò dúkìá ni, bí owó ilé ṣe jẹ́ iye pàtó. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní 2017 jẹ́ bílíọ̀nù 100 náírà, fún ọdún méje, náírà 16.47 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà sì lè bá wọn dá sí i. Apá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́nà Ìbàdàn sí Ìlọrin wà nínú ọ̀nà tí wọ́n yan owó náà fún. Àwa tí a máa ń rìn ín mọ bó ṣe rí. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè máa rà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde.

Ètò tó bá ní òun ó máa fún yín ní ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ẹ sá fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú jámọ́à wa, tó fi ọdún 35 ṣiṣẹ́, wá bá mi lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kan. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kẹ́tù àlùwàlá, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ojú ewé tó máa ń fi iye owó rẹ̀ hàn án ti funfun báláú. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo owó tó gbà nígbà tó fẹ̀yìn tì ló kó síbẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà, èmi náà kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Màlúù dára, ẹran ọ̀sìn ní ìbùkún. Àṣà tí ọ̀pọ̀ ń lò, pé kí darandaran máa mú ọmọ kan, kí ẹ̀yin mú ọ̀kan, ni kò bá ìlànà Ímáàmù Màlíkì tí à ń tẹ̀lé ní Ìlọrin mu, torí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ní iye: màlúù lè bí, ó lè má bí. Ẹ san owó oṣù tó dájú fún un. Tàbí kí ẹ ta ìdajì màlúù náà fún un ní owó tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kó san án ní àkókò tí ẹ jọ dá, kí ìyá àti ọmọ di ti ẹ̀yin méjèèjì. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, bí áyà 282 Súrà Bákárà ṣe pa á láṣẹ. Ẹ má kó gbogbo owó yín sórí ẹran. Ẹ rántí ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Yàkúbù.

Sàká: pẹ́ńṣàn tí òfin yọ, tí ọwọ́ yín kò tíì tó, ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní ní kò sí sàká lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi gbà á, tí ọdún ojú ọ̀run kan yóò sì yí lé e lórí. Owó tí ẹ tọ́jú fúnra yín tí ẹ lè mú nígbàkígbà, bó bá tó iye wúrà gíráàmù 85, ìdá kan nínú ogójì lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí ẹ rà láti kọ́ ilé, kò ní sàká. Èyí tí ẹ rà kó lè gbówó lórí, ní ìlànà Màlíkì, ọjọ́ tí ẹ bá tà á ni ẹ ó yọ ti ọdún kan. Màlúù tí kò tó ọgbọ̀n kò ní sàká bó bá jẹ́ ti ọ̀sìn.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò bi mí. Orúkọ ẹni tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù pẹ́ńṣàn pé òun ni kí wọ́n kàn sí bí ẹ kò bá sí mọ́, kò sọ owó náà di tirẹ̀ nìkan. Ojúṣe tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni láti pín in fún gbogbo àjogún: ọkọ yín ní ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tí ọmọ wà, àwọn òbí yín ní tiwọn bí wọ́n bá wà láyé, ìyókù fún àwọn ọmọ. Mo ti rí i tí ọmọ ìyá kan náà bá ara wọn dé Kóòtù Ṣàríà Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́ létí ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, kí ọkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ibi tí owó yín wà sínú ìwé kan, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ yín tó dàgbà jù.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.