Màmá, Ṣé Dandan Ni Kí N Padà Sí Ṣọ́ọ̀ṣì?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọdún 9 ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dún tó kọjá, oyún bà jẹ́ lára mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà nílé, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa pè mí, owó aṣọ akọrin tí n ò tíì san ló ń béèrè. Ó ti pé oṣù 14 báyìí tí n ò débẹ̀ mọ́. Orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù, mò ń ka Bíbélì mi, mo sì ń gbàdúrà, bí mo tilẹ̀ ń fi omijé ṣe é. Ọkọ mi ní mò ń ṣáko lọ. Ṣé Ọlọ́run ò sí nínú yàrá mi ni?
Akọrin Tó Dákẹ́"

Ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé bóyá lẹnì kan tíì kí ọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn láti ọjọ́ yẹn. Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Kí èèyàn máa béèrè owó aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná, kò dára, n ò sì ní bá wọn wá àwáwí.

Ọlọ́run wà nínú yàrá rẹ. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí o padà sáàárín àwọn ará.

Ó dá mi lójú pé wọ́n ti ka Hébérù 10:25 sí ọ létí, pé ká má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Pàṣán ni ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ẹsẹ yẹn dà. Ka ẹsẹ 24 tó ṣáájú rẹ̀: ó ní ká máa ro ti ara wa, ká máa ru ara wa sókè sí ìfẹ́ àti iṣẹ́ rere. Kí o wá sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ 33 àti 34, wàá rí irú àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí: àwọn tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín ní gbangba, tí wọ́n ti kó lẹ́rù lọ. Àwọn tó ti rẹ̀ ni. Torí náà, àwọn tí kò wá kí ọ ti kọ́kọ́ rú ẹsẹ 24 kí ìwọ tó rú ẹsẹ 25. Sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 155, Kristẹni kan ní Róòmù tó ń jẹ́ Justin kọ̀wé sí olú ọba láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Sọ́ńdè. Wọ́n á ka Ìwé Mímọ́, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á pín búrẹ́dì àti wáìnì, àwọn díákónì á sì gbé ìpín ẹni tí kò sí níjòókòó lọ bá a. Owó tí wọ́n bá dá, wọ́n á fi tọ́jú opó, ọmọ òrukàn, aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tó yẹ kí ìjọ rẹ ṣe fún ọ nìyẹn. Ohun tí fóònù ò sì lè ṣe nìyẹn, nítorí oníwàásù inú fóònù ò lè mọ̀ pé àga rẹ ṣófo. Fún ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè, ọpẹ́ ni pé fóònù wà. Ẹsẹ̀ tìrẹ le, ọkàn ló ń dùn ọ́.

Ní ọdún 304, wọ́n mú Kristẹni 49 ní Abitinae, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, torí pé wọ́n pàdé nígbà tí ìjọba Róòmù ti fòfin de ìpàdé. Emeritus, tó gbà wọ́n sílé, sọ lójú adájọ́ pé àwọn ò lè wà láìsí ìpàdé Olúwa. Kí kálukú wọn dá gbàdúrà nínú yàrá rẹ̀, ta ni ì bá mọ̀?

Èmi náà ti ṣe bíi tìrẹ rí. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin kan sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lé mi wálé fún bí ọdún kan. Rédíò ni mo gbájú mọ́. Ọjọ́ tí mo padà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo lọ bá. Wọ́n dá orin, ohùn ò jáde lẹ́nu mi. Ìyá àgbà kan na ìwé orin rẹ̀ sí mi, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ orin náà fún mi bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹsẹ kẹta ni ìka rẹ̀ wà, ẹsẹ kejì la sì ń kọ. Lẹ́yìn ìsìn ni mo tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò ríwèé kà mọ́, àkọ́sórí ló ń kọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wàá wà níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Máa bá mi wo nọ́ńbà orin." Nọ́ńbà orin yẹn ló mú mi padà lọ́sẹ̀ kejì, kì í ṣe ìwàásù.

Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Oṣù 14 lo ti ń ro ohun tí wọn ò ṣe fún ọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá wà níbẹ̀ tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ta ni yóò mọ ohun tí yóò sọ fún un, bí kò ṣe ìwọ?

Pe olórí akọrin yín. Fi ti owó aṣọ sílẹ̀ ná, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un gan-an, torí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi oyún tó bà jẹ́ pamọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò mọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ tí wọn ò bá ọ kẹ́dùn, wá ìjọ mìíràn. Nínú Lúùkù orí 4, àwọn ará Násárẹ́tì tí Jésù bá jọ́sìn láti kékeré ló fẹ́ tì í sísàlẹ̀ òkè. Ó kúrò láàárín wọn, ó lọ sí Kápánáúmù, ó sì ń kọ́ àwọn tibẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe ni olórí ìjọ ń fìyà jẹ èèyàn, n ò ní ní kí o padà síbẹ̀ láéláé.

Fi ìdáhùn yìí han ọkọ rẹ. A kì í sọ fún ẹni tó ń fi omijé ka Bíbélì pé ó ń ṣáko lọ. Òun náà pàdánù ọmọ yẹn. Kí ẹ jọ lọ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Má tíì lọ sáàárín àwọn akọrin, jókòó tì í. Bí wọ́n bá dá orin tí ẹkún gbọ̀n ọ́, sun ún. Kọ̀wé sí mi ní Mọ́ńdè.